Ilà Ojú Bàálù Ogun: Àmì Kékeré, Ìtàn Ńlá

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ojú ènìyàn ni ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ogun kó, tí wọ́n sì tà sí ọ̀nà jíjìn, lè gbàgbé orúkọ àdúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ilà tí wọ́n kọ sí i lójú kò ní gbàgbé agbo ilé tí ó ti wá. Orúkọ ìlú pàápàá lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ifẹ̀wàrà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atakúnmọ́sà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ìlú náà jókòó sí, síbẹ̀ orúkọ Ifẹ̀ ni ó ń jẹ́, nítorí pé Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn àbáláyé so ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ìdajì ìtàn rẹ̀.

Bàálù ogun náà ní ilà ojú tirẹ̀. Àmì roboto tí ó wà lórí apá rẹ̀, àsíá kékeré tí ó wà lára ìrù rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìhà rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ orílẹ̀-èdè tí ó ni ín. Bí a bá pa gbogbo wọn rẹ́, irin lásán ni yóò kù. MiG-17 tí ó jà fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti èyí tí ó jà fún Àríwá Vietnam, ìran kan náà ni wọ́n. Àmì ara wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kò sí àwọn tí ọ̀rọ̀ àmì yìí yé tó àwọn tí ń kọ́ àwòṣe bàálù. Káàkiri àgbáyé ni àwọn tí ó fi iṣẹ́ yìí ṣe ìgbafẹ́ wà, àgbà àti ọmọdé. Wọn a ra páálí tí ègé ike wà nínú rẹ̀, wọn a fi gọ́ọ̀mù tò wọ́n pọ̀, wọn a sì kùn wọ́n ní ọ̀dà. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìdá kan nínú 72. MiG-17, tí òòró rẹ̀ lé ní mítà 11, yóò wá di ohun tí kò ju nǹkan bí sẹ̀ntímítà 16 lọ, tí ènìyàn lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọ̀dà ni àmì kàn. Inú páálí náà ni bébà pẹlẹbẹ kan máa ń wà tí wọ́n tẹ àwọn àmì sí, kí oníṣẹ́ lè lẹ̀ wọ́n mọ́ bàálù rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe páálí ń wò. Àmì àwọn orílẹ̀-èdè tí àwòṣe wọn ń tà wàràwàrà ni ó sábà máa ń fi sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí bàálù rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà ní láti wá àmì tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké mìíràn ń tẹ̀, tí wọ́n sì ń tà lọ́tọ̀. Rírà yìí jọ ọ̀rọ̀ eré lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣà wọ́n kò lè ṣe é kí ó má dáhùn ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò tíì bi ara wọn rí: Nàìjíríà ti ọdún wo? Bàálù wo? Ta ni ó wà á, kí ni ó sì fi ṣe?

Iṣẹ́ omi àti ọwọ́ jẹ́jẹ́

Àmì àlẹ̀mọ́ yìí yàtọ̀ sí sítíkà tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Oníṣẹ́ yóò gé àmì kan kúrò lára bébà, yóò rẹ ẹ́ sínú omi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, gọ́ọ̀mù tí ó wà láàárín àmì àti bébà yóò sì yọ́. Yóò wá fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tì í kúrò lórí bébà bọ́ sí ara bàálù. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àmì náà, bí ìwo tí ó bo àlùbọ́sà. Bí ọ̀dà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bá gbẹ háráhárá, atẹ́gùn yóò há sí abẹ́ àmì, yóò sì máa tàn bí fàdákà níbi tí kò yẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláìláwọ̀ tí ń dán kun ara bàálù kí wọ́n tó lẹ àmì. Oògùn olómi kan tún wà tí ń mú kí àmì náà rọ̀, kí ó lè wọnú gbogbo kòtò àti ìlà ara bàálù, kí ó sì dà bí ohun tí wọ́n kùn síbẹ̀.

Fún àmì Nàìjíríà, funfun ni ó ń yọni lẹ́nu jù. Òrùka àwọ̀ ewé wà lóde, funfun wà láàárín, àwọ̀ ewé sì tún wà ní ìdí. Bí funfun náà bá fẹ́lẹ́ jù, àwọ̀ ara bàálù yóò hàn láti abẹ́ rẹ̀, àmì orílẹ̀-èdè yóò sì rì sínú ọ̀dà. Bí ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ ẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀, funfun yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òrùka náà kò sì ní ṣe déédéé mọ́. Àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ lè dúdú jù tàbí kí ó mọ́lẹ̀ jù. Ẹni tí ó mọ àmì rà máa ń yẹ nǹkan wọ̀nyí wò ná: ṣé funfun rẹ̀ ki, ṣé òrùka rẹ̀ gún, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àwòṣe mu, ṣé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i jẹ́ ti bàálù tí ó wà láyé rí?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ó le jù, nítorí pé omi àti búrọ́ọ̀ṣì kò lè dáhùn rẹ̀. Ìtàn nìkan ni ó lè dáhùn rẹ̀.

Ibi tí àwọ̀ ewé àti funfun ti wá

Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Yorùbá tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ya àsíá Nàìjíríà ní ọdún 1959. Oòrùn pupa kan wà láàárín funfun nínú àwòrán tí ó fi ránṣẹ́. Àwọn tí ó yan àsíá náà yọ oòrùn kúrò, wọ́n sì fi àwọ̀ ewé, funfun àti àwọ̀ ewé sílẹ̀. Àsíá náà ni wọ́n gbé sókè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1964, àwọ̀ àsíá yìí ni wọ́n ká di roboto, tí wọ́n sì kùn sí ara bàálù.

Àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Gerhard Kahtz, ọ̀gá ológun láti Jámánì, ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni George Kurubo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí àyè náà. Bàálù tí wọ́n ní nígbà náà kì í ṣe ti ìjà. Àwọn kan wà fún ẹ̀kọ́ wíwà, àwọn kan sì wà fún kíkó ẹrù àti ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń wá àmì jẹ́ẹ̀tì ogun Nàìjíríà tí ó ti ọdún 1965 wá, ohun tí kò sí ni ó ń wá.

Ogun ni ó mú jẹ́ẹ̀tì dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Odumegwu Ojukwu kéde Biafra. Nígbà tí ó fi di oṣù keje, ogun ti bẹ̀rẹ̀. Biafra ti ra àwọn bàálù ajubọ́ǹbù B-26, tí Amẹ́ríkà ṣe fún ogun àgbáyé kejì. Bọ́ǹbù wọn sì dé Èkó. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Yorùbá títí dé Ọrẹ̀, tí kò jìnnà púpọ̀ sí gúúsù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n tó dá wọn padà. Ìjọba àpapọ̀ wá bàálù ogun lọ sí ọ̀dọ̀ Britain àti Amẹ́ríkà, wọn kò tà á fún un. Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì ni ó gbà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1967 yẹn kan náà ni àwọn ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù Antonov ń kó MiG-17 wá sí Kánò ní àwẹ́lẹ́-wẹ́lẹ́, tí wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Bàálù L-29 láti Czechoslovakia náà dé.

Àmì tiwa, ọwọ́ àjèjì

Lára àwọn MiG wọ̀nyí ni àmì àlẹ̀mọ́ ti di ọ̀rọ̀ ìtàn gan-an. Àmì Nàìjíríà wà lára bàálù, lẹ́tà NAF sì wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó di ìdarí rẹ̀ mú kì í ṣe ti ọmọ Nàìjíríà ní gbogbo ìgbà. Àwọn awakọ̀ láti Íjíbítì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Britain àti Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n fi owó gbà náà wà níbẹ̀. Biafra pẹ̀lú gba àwọn awakọ̀ àjèjì láti jù bọ́ǹbù fún un. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn oníròyìn láti ilẹ̀ òkèèrè ń kọ ìròyìn nípa bọ́ǹbù ìjọba àpapọ̀ tí ó bọ́ sí ọjà àti ilé ìwòsàn ní Biafra. Ta ni yóò wá dáhùn fún un? Ṣé awakọ̀ tí ó gba owó rẹ̀ tí ó sì bá tirẹ̀ lọ ni, àbí ẹni tí àmì rẹ̀ wà lórí apá bàálù?

Yorùbá ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìdí nìyí tí àmì orílẹ̀-èdè fi wà lára bàálù ogun: láti fi ẹni tí ó ránni níṣẹ́ hàn. Awakọ̀ lè yí padà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àmì ni ó ni iṣẹ́ náà, rere rẹ̀ àti ibi rẹ̀.

Baba tí ó fúnni ní àmì, ọmọ tí ó fò láìní i

Ẹ̀gbẹ́ kejì ogun náà ní ìtàn tirẹ̀ tí ó yani lẹ́nu. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1969, bàálù kéékèèké márùn-ún fò lọ sí pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, wọ́n sì yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí àwọn bàálù tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n dé Benin àti Enugu. Bàálù MFI-9B ni wọ́n, tí wọ́n ṣe ní Sweden fún ẹ̀kọ́ àti ìgbafẹ́. Ènìyàn méjì péré ni ó lè gbé. Wọ́n gbé wọn gba Gabon, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ igbó, wọ́n sì so rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà-mẹ́fà mọ́ abẹ́ apá wọn. Àwọn ènìyàn sọ wọ́n ní Ọmọ-ọwọ́ Biafra.

Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Sweden, ni ó kó wọn jọ tí ó sì ṣáájú wọn. Kì í ṣe àlejò sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Ítálì gbógun ti Ẹtiópíà ní ọdún 1935, ó wa bàálù fún Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa níbẹ̀. Ní Ẹtiópíà náà ni ó kú sí ní ọdún 1977, nínú ogun mìíràn.

Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ni ó so ìtàn yìí mọ́ ọ̀rọ̀ àmì. Ní oṣù kẹta ọdún 1918, Eric von Rosen fún orílẹ̀-èdè Finland ní bàálù kan, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ní. Ó kun àmì oríire tirẹ̀ sí apá bàálù náà: àgbélébùú abìkọ́ aláwọ̀ aró lórí funfun. Finland gbà á gẹ́gẹ́ bí àmì ọmọ ogun òfurufú rẹ̀, ó sì lò ó títí di ọdún 1945. Ẹgbẹ́ Nazi ní Jámánì kò tíì sí nígbà tí ó kùn ún. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba irú àmì bẹ́ẹ̀ tí ó sì fi ẹ̀jẹ̀ bà á jẹ́, Eric von Rosen fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wọn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni Hermann Göring, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun òfurufú Hitler, fẹ́.

Títí di òní, òfin Jámánì kò gba kí ènìyàn máa gbé àmì Nazi kiri ní gbangba. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àwòṣe kì í fi í sínú páálí wọn, tàbí kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ kí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ tò ó pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí bàálù rẹ̀ rí bí ó ṣe rí ní ọdún 1940 ní láti ra àmì rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn kan ní ìtàn ni ìtàn, kí a má yọ nǹkan kan kúrò. Àwọn kan ní ohun tí ó pa ènìyàn báyẹn kò yẹ lórí tábìlì eré. Ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà gbọ́ àríyànjiyàn yìí dáadáa, nítorí pé oòrùn tí ń là lára àsíá Biafra náà ṣì ń fa ariwo láàárín wa. Ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòṣe bàálù ọdún 1967 kò pe ẹnikẹ́ni sí ogun. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ.

Nígbà tí àmì kò gbani

Ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìjà Port Harcourt, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, MiG-17 Nàìjíríà kan yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú DC-7 tí ó ń gbé ìrànwọ́ lọ sí Biafra fún Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ilẹ̀ Sweden. Ó já lulẹ̀ nítòsí Eket, gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àgbélébùú pupa ni àmì tí gbogbo ayé gbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn sí. Ṣùgbọ́n nínú ogun yìí, bàálù oúnjẹ àti bàálù ohun ìjà ń gba ojú òfurufú kan náà lọ sí ojú ọ̀nà Uli, tí wọ́n sọ di pápákọ̀, nínú òkùnkùn. Nígbà tí ẹrù méjì tí kò jọra bá ń gba ọ̀nà kan, ojú tí ó yẹ kí ó ka àmì yóò kọ̀ láti gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ti àtijọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, bàálù ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Àwọn òṣìṣẹ́ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa Nàìjíríà wà lára wọn. Àwọn ológun gbà pé àṣìṣe ni. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí tán ní oṣù keje ọdún náà, ìdí tí wọ́n sọ fún aráyé ni pé wọn kò sàmì sí ibẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Nǹkan bí ọdún 48 ti kọjá láàárín Eket àti Rann. Àmì wà níbi tí àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, wọn kò kà á sí. Ní èkejì, wọ́n ní kò sí àmì. Àwọn òkú kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan àmì fún jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà lónìí ní ohun púpọ̀ láti ṣà nínú rẹ̀. MiG-21 dé ní ọdún 1975, lẹ́yìn ogun. Jaguar dé láti Britain ní àárín ọdún 1980 sí 1990. F-7 láti Ṣáínà tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọdún 2009. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n gba JF-17 mẹ́ta láti Pakistan sínú ẹgbẹ́ ní Makurdi. Àwọ̀ ewé àti funfun wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò dọ́gba, ẹni tí ó bá sì pa wọ́n pọ̀ ti purọ́ láìla ẹnu.

Fọ́tò tí ó ní ọjọ́ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Kí oníṣẹ́ wá fọ́tò bàálù tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ó wò ó bóyá irin rẹ̀ ń dán tàbí wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ igbó, kí ó sì rí ibi tí àmì náà wà gan-an. Ìwé ni ẹlẹ́rìí kejì. Bàálù tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, irú èyí tí ó wà ní Umuahia, ni ó gbẹ̀yìn, nítorí pé ohun tí oòrùn àti òjò ti pa láwọ̀ dà lè ti ní ọ̀dà tuntun tí kò bá ti ìgbà ogun mu. Bébà àmì tí kò sọ bàálù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ tàbí ọdún tí ó ń tọ́ka sí, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Ìwé náà ni ó tún fi àléébù wa hàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwọn oníṣẹ́ àwòṣe ń gbára lé jù lórí bàálù ogun Nàìjíríà àti Biafra ni Shadows, tí Michael Draper, ọmọ ilẹ̀ Britain, kọ. Ẹni tí ó jìnnà sí wa ni ó jókòó ka nọ́ńbà bàálù wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa jáde ilé ẹ̀kọ́ láìkọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn rárá, nítorí pé ìjọba yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ kan ní Ifẹ̀wàrà lè mọ gbogbo bàálù tí ó jà lórí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1940 láti inú fíìmù, kí ó má sì mọ èyí tí ó gbéra ní Benin ní ọdún 1969, tí òbí rẹ̀ àgbà sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nínú rédíò.

Kò di dandan kí gbogbo ènìyàn kọ́ àwòṣe. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ń ṣe kí wọ́n tó rẹ àmì sínú omi ni ó yẹ kí ìlú kọ́: kí a bèèrè bàálù wo, ọdún wo, àti ta ni ó rán an níṣẹ́. Ìjọba tí ó mọ̀ pé àwọn ará ìlú ń ka nọ́ńbà ara bàálù kò ní lè sọ pé òun kò mọ èyí tí ó jáde ní ọjọ́ tí ọjà jóná.